Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kọ́ ni wàhálà mi

Látìgbà tí dókítà ti sọ pé Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó máa ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n kí iṣan ara sì le, ló ń ṣe mí, ọwọ́ mi làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ wò, wọ́n á ní "ẹ pẹ̀lẹ́ o", wọ́n á sì yáa gbójú kúrò. Ọwọ́ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú jàre. Ojú mi ni. Àìsàn yìí máa ń mú kí iṣan ojú le gbagidi, ẹnì kan á dá àpárá tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú lọ́hùn-ún, àmọ́ ẹni tó lejú koko lòun ń wò, tó bá yá wọ́n á ní mo ti ń gbéra ga, àbí pé ọpọlọ mi ò jí pépé mọ́. Ohùn náà á tún wá rẹlẹ̀, kí n tó sọ̀rọ̀ kan tán ẹlòmíì ti bá mi parí ẹ̀, ohun tó sọ kọ́ ni mo sì fẹ́ sọ o! Tí wọ́n bá wá ń bi ẹni tó jókòó tì mí pé "kí ni wọ́n máa jẹ?" bíi pé mi ò sí ńbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lèmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fojú ẹni tí ò sí ńbẹ̀ wo ara mi.

Èèyàn á wá máa fi í pamọ́. Michael J. Fox, òṣèré fíìmù yẹn, ọdún 1991 ni wọ́n sọ fún un pé Parkinson ló ń ṣe é, ẹni ọdún 29 péré, 1998 ló tó jẹ́ kí aráyé gbọ́. Mo mọ iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀: kéèyàn máa kiwọ́ bọ àpò, kó máa wo aago oògùn kó tó gbà láti jáde, kó máa sá fún fọ́tò. Muhammad Ali, akànṣẹ́ tí Parkinson ṣe òun náà, ní tiẹ̀ tan iná Òlíńpíìkì ní Atlanta lọ́dún 1996, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n lójú gbogbo ayé. Mi ò ní kí gbogbo wa di Ali o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọwọ́ yẹn gan-an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní ká "ṣọkàn gírí", ẹ ṣeun, àmọ́ dopamine, èròjà kan tó ń dín kù nínú ọpọlọ àwa tí Parkinson ń ṣe, wà lára ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan wu èèyàn ṣe, torí náà ìrẹ̀wẹ̀sì yẹn lè jẹ́ ara àìsàn náà gan-an, ó sì nítọ̀ọ́jú, dókítà ló yẹ ká sọ ọ́ fún.

Ní tèmi, mo ti ń tètè sọ ọ́ báyìí. Tí mo bá pàdé ẹni tuntun, mo máa ń ní "Parkinson ni o, inú ni mo ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ mi tán." Àwọn kan máa ń ta kété, kò burú. Àwọn tó bá dúró, à jọ máa ń tàkúrọ̀sọ títí oògùn á fi fẹ́ dá lára mi.