Alhamdulillahi, omi gbé ẹrù, kò gbé wa

Ẹ bá mi dúpẹ́ o ẹ̀yin ará. Ọmọ ọmọ mi ṣe wòlímọ̀ ní Sunday tó kọjá, bí wọ́n ṣe ń náwó fún un ni mò ń sunkún, ọ̀rọ̀ omíyalé ọdún 2011 ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn nígbà yẹn ò lè gbàgbé August 26. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ààwẹ̀ ti ń parí lọ, òru ọjọ́ yẹn gan-an la fẹ́ ṣọ́ fún Leilatul Qadri. Apẹtẹ là ń gbé, ilé wa ò jìnnà sódò. Ọdún yẹn náà ni bàbá mi kú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kó màmá mi wá láti Òkè-Adó ni, wọn ò sì fẹ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń di báàgì pé àwọn ń lọ sílé ọkọ àwọn. Àkọ́bí mi obìnrin náà ń múra nìkáà, ẹ̀yìn Iléyá la fi sí, gbogbo ẹrù ìyàwó, kúlà, ìkòkò, aṣọ ẹbí táwọn èèyàn ti sanwó ẹ̀, ilé ló wà.

Òjò bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, a tiẹ̀ ń yọ̀ pé ara á tutù. Mò ń din àkàrà ìṣínu lọ́wọ́ lomi gba ẹnu ọ̀nà kíṣìn wọlé. Màmá mi ló pariwo pé "Omíyalé nìyí o, ẹ fẹrù sílẹ̀!" torí wọ́n fojú ara wọn rí ti August 31, 1980 tí odò Ògùnpa kún, tó pa èèyàn tó lé ní 200. Àwa ṣì ń gbé tẹlifíṣọ̀n sórí wádíróòbù, àwọn ti di ọwọ́ ọmọ mi mú, wọ́n ti wà níta. Arúgbó tí mo rò pé èmi ni mò ń tọ́jú o!

Omi ti dé àyà wa kí Bàbá Dìkọ́nì tó nilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ju okùn sí wa. Òkè ilé wọn la ti fi búrẹ́dì ṣínu, ibẹ̀ la ti kírun, ìyàwó wọn bọ́ ìró fún màmá mi. Nígbà tílẹ̀ mọ́, afárá Apẹtẹ ti lọ, ẹrù ìyàwó ti lọ.

Àwọn èèyàn ń wá kí wa, wọ́n ń sọ pé Ọlọ́hun ló fẹ́ràn yín, àdúrà yín ló gbà yín. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè jẹ́ ẹ̀rí yẹn. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ nísàlẹ̀ àdúgbò, tó máa ń kan ilẹ̀kùn jí wa sí sáàrì, omi gbé e lọ, òun náà gbààwẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ààwẹ̀ ẹ̀ sì lè dáa ju tèmi lọ. Èèyàn tó lé ní 100 ló kú n'Íbàdàn lọ́jọ́ yẹn, ṣé a wá fẹ́ sọ pé Ọlọ́hun kórìíra gbogbo wọn ni? Màmá mi ní, "Omi ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó gbààwẹ̀. Dúpẹ́ tìẹ, má fi yangàn." (Gọ́tà tí wọ́n sọ di ààtàn, ilé tí wọ́n kọ́ sọ́nà odò, ẹ má kó ìyẹn lé Ọlọ́hun lórí jàre.)

Mo pe ìyá ọkọ ọmọ mi pé ẹ jẹ́ ká sún nìkáà síwájú, kò sẹ́rù mọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ la tọrọ, a ò tọrọ kúlà." Bí nìkáà ṣe wáyé lọ́jọ́ ẹ̀ nìyẹn, kálukú wọ ohun tó ní, màmá mi ró ìró ìyàwó dìkọ́nì. A kó lọ sí Mọ́níyà, màmá ò sọ̀rọ̀ à ń lọ mọ́, wọ́n ní omi ti bá àwọn gbé báàgì lọ sílé ọkọ.

Màmá wà níbi wòlímọ̀ yẹn o, Bàbá Dìkọ́nì àtìyàwó wọn náà wá, iwájú gan-an ni wọ́n jókòó sí. Kí Ọlọ́hun foríji àwọn tó lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè fọ́tò, ẹ ní sùúrù, dátà mi ti tán.