Fáíbà tí inú mi gbà

Bí ẹ bá mú bisikíìtì tí wọ́n kọ "high fibre" gàdàgbà sí lára, ẹ yí ẹ̀yìn páálí rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí "inulin" tàbí "chicory root" níbẹ̀, tí IBS, àìsàn ìfun tó máa ń mú inú run, tó sì ń da ìgbẹ́ rú, bá ń ṣe yín bó ṣe ń ṣe mí, ẹ dá a padà. Fáíbà ni lóòótọ́, ìyẹn apá oúnjẹ ewéko tí kì í dà nínú wa, ẹlòmíì sì lè jẹ ẹ́ kó má mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ìfun ńlá, kíá ni àwọn bakitéríà ibẹ̀ máa ń jẹ ẹ́, gáàsì tí wọ́n sì ń tú sílẹ̀ ló ń mú kí inú wú, kó máa lọ́ni, débi pé síkẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárọ̀ kò ní ṣeé dè mọ́ tó bá fi máa di ọ̀sán.

Ìyá mi kò tíì gbà pé kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí ni. "Ohun dídùn tí ò ń jẹ ti pọ̀ jù, ìwọ ọmọ yìí. Lọ mu àgbo." Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà." Mi ò mu ún. Ọ̀sẹ̀ yìí ìgbẹ́ á le, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á di gbuuru. Irú inú bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kéèyàn tún máa fi àgbo ṣí. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ṣàlàyé pé kò sí egbò nínú ìfun mi. Ìfun àti ọpọlọ ni kò gbọ́ ara wọn yé, ìdí nìyẹn tí ìnira díẹ̀ fi ń di ìrora ńlá, tí ìrònú àti àìsùn sì ń dá kún un. Irọ́ kọ́ là ń pa nígbà tá a bá ní inú ń run wá.

Yàtọ̀ sí inulin àti ẹbí rẹ̀, fáíbà tó ń yọ́ nínú omi ló bá wa mu jù: ti ilá, ti ewédú, ti oats, ti psyllium, èèpo irúgbìn kan. Èyí tí kì í yọ́, bí èèrí àlìkámà, lè dá kún ìnira náà ni. Ní 2021, ẹgbẹ́ àwọn dókítà inú ní Amẹ́ríkà, American College of Gastroenterology, ní èyí tó ń yọ́ ni ká lò. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Society of Gastroenterology, sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà: ká bẹ̀rẹ̀ láti gíráàmù 3 tàbí 4 lójúmọ́, ká máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo díẹ̀díẹ̀ yẹn. Ilé ìtajà oògùn ni mo ti ń ra psyllium. Mo máa ń bu ṣíbí tíì kan sínú ife omi ńlá, kí n rò ó, kí n sì gbé e mu lójú ẹsẹ̀, torí tó bá pẹ́ díẹ̀ á ti ki bí ilá. Ẹni tó bá gbé e mì láìsí omi tó, ó lè há a lọ́fun.

Ilá tèmi kò ní àlùbọ́sà. Fáíbà inú àlùbọ́sà àti inulin, ẹbí kan náà ni wọ́n. Apá tó tutù yọ̀yọ̀ lára àlùbọ́sà eléwé nìkan ni mò ń rẹ́ sí i, pẹ̀lú ìrú díẹ̀. Tí mo bá fẹ́ kí epo ta sánsán, mo máa ń dín àlùbọ́sà tí mo gé ńláńlá nínú rẹ̀, kí n ṣà á kúrò pátá kí ata tàbí omi tó kàn án, torí inú omi ni ohun tó ń dà wá láàmú yẹn ń yọ́ sí, kì í yọ́ sínú epo. Ẹ̀wà ńkọ́? Mo máa ń rẹ ẹ́ mọ́jú, kí n da omi rẹ̀ nù. Tó bá hó, mo tún da omi náà nù kí n tó bu òmíràn sí i, kí n gbé e kaná padà. Abọ́ kékeré sì ni.

Àwọn èèyàn máa ń ní ògì ni probiotic tiwa, ìyẹn ohun tó ní bakitéríà ààyè tó ń ṣe inú lóore. Òtítọ́ wà níbẹ̀, torí Lactobacillus plantarum wà lára àwọn bakitéríà tó ń mú un kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bá a ṣe ń ṣe é: a sẹ́ ẹ, èèrí lọ, fáíbà bá a lọ, a gbé e kaná, bakitéríà kú. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ gbígbóná lọ́jọ́ tí inú bá ń run mí, kì í dà mí láàmú rárá, àmọ́ mi ò ní tìtorí bakitéríà mu ún. Omi ògì tútù ní wọn láàyè, ṣùgbọ́n omi wo ni wọ́n fi sẹ́ ẹ? Èyí tí mo fi omi sísè sẹ́ fúnra mi nìkan ni mò ń mu.

Lórí probiotic, ẹnu àwọn dókítà kò kò. Ti Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i fún IBS. Ti Gẹ̀ẹ́sì ní a lè dán an wò tó ọ̀sẹ̀ 12, tí kò bá sí ìyàtọ̀, ká jáwọ́. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń tẹ̀ lé: yógọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí kò ní ṣúgà, tí wọ́n kọ "live cultures" (bakitéríà ààyè) sára ike rẹ̀, láìfi nǹkan tuntun mìíràn kún un, kí n lè mọ ohun tó ṣe iṣẹ́ tó ṣe. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ yìí, mo máa ń fọwọ́ kan ike náà nínú fíríìjì ṣọ́ọ̀bù. Tí kò bá tutù, tàbí tí ìdérí rẹ̀ ti wú, mi ò rà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tó ń rù láìnídìí, tí ìgbẹ́ ń jí lójú oorun, tàbí tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kí inú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, kó fi psyllium àti yógọ́ọ̀tì sílẹ̀ ná. Dókítà ni kó kọ́kọ́ lọ rí, lọ́sẹ̀ yìí.