Ilẹ̀kùn tí wọn ò jẹ́ kí n tì

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo èèyàn ti là. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin wọ mọ́tò ní Ọ̀fà Gárèjì níbí ní Ìlọrin, ó di abúlé kan lẹ́yìn Ìgbájà, a fẹ́ lọ yàwòrán ìgbéyàwó. Kámẹ́rà 2, lẹ́ǹsì 3, fíláàṣì, àti bátìrì 6 tí mo ti gba iná sí mọ́jú. Ẹni tó bá ń lọ yàwòrán lábúlé kì í gbójú lé iná ìjọba.

Mùsùlùmí ni mí o, híjáàbù ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń bi mí bóyá wọn kì í lé mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ yẹn, màmá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ìborùn, gbogbo ọmọge Èkó tó ṣe irun wá ló ń fún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n fi borí. Nígbà tó kàn mí, màmá náà wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ wá wo ọmọ tí wọ́n kọ́!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àbúrò mi.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wàhálà wà. Páànù ló wà lókè, kò sí síìlì. Nílé ìjọsìn ìgboro, mo máa ń kọjú fíláàṣì sí síìlì funfun kí iná lè rọra padà sọ̀ kalẹ̀ sójú èèyàn. Páànù tó ti dípẹtà lórí igi dúdú ń kọ́? Gbígbé ló ń gbé iná mì. Fèrèsé kéékèèké, àmọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fẹ̀ gbàràmù, ó kọjú sí ìlà oòrùn. Mo mọ̀ pé bí ìyàwó bá gbabẹ̀ wọlé, òjìji dúdú lásán ni màá yà. Eruku pupa ojú títì tún ń bá a wọlé.

Mo lọ bá Pásítọ̀, mo kúnlẹ̀ kí wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ìyàwó bá ti wọlé tán, ṣé ẹ lè bá wa ti ilẹ̀kùn yẹn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, òfin ló ní kó wà ní ṣíṣí."

Mo rò pé òfin ìjọ ni. Rárá o, Òfin Ìgbéyàwó ilẹ̀ Nàìjíríà ni: ilé ìjọsìn tó gba ìwé àṣẹ, láàárín aago 8 àárọ̀ sí 6 ìrọ̀lẹ́, ẹlẹ́rìí 2 ó kéré tán, ilẹ̀kùn gbayawu. Tí a bá ń so yìgì tiwa, a mọ̀ pé ẹlẹ́rìí 2 ò gbọdọ̀ má sí, àmọ́ ti ilẹ̀kùn yìí ṣàjèjì sí mi, pẹ̀lú gbogbo ìyàwó tí mo ti yà.

Mo bá gba kámú. Ojú ìyàwó ni mo fi díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, mo gbé ISO, ìyẹn agbára tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, sí 3200, mo jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà funfun bó ṣe fẹ́. Ewúrẹ́ kan tiẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà òfin yẹn wọlé nígbà ẹ̀jẹ́, wọ́n sì lé e jáde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Nígbà tó kan ìwé fífọwọ́sí, ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ṣókùnkùn, Pásítọ̀ ò rí ìlà ìwé. Ni wọ́n bá gbé tábìlì lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn tí mo fẹ́ tì.

Bàbá ọkọ ìyàwó ni ẹlẹ́rìí. Wọ́n fi fìlà lé orúnkún. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni: èékánná àtàǹpàkò ti là sí méjì, ọkọ́ ti sọ àtẹ́lẹwọ́ di awọ. Bírò ò kọ, wọ́n dán an wò lẹ́yìn ọwọ́, ó kọ. Wọ́n wá ń kọ orúkọ wọn, lẹ́tà kan ń dúró de ìkejì. Akọrin kọ orin kan tán, wọ́n dá òmíràn. Ọyẹ́ fẹ́ gbé ìwé náà lọ, ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì tẹ etí ìwé mọ́lẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ń bọ̀ láti òsì, ó ń ka iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ bàbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò tan fíláàṣì. Mo yà á nígbà 11.

Ìnáwó lọ bí ìnáwó ṣe ń lọ. Ìyàwó fẹ́ ya tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, mo yà á. Irú ẹ̀ kún kọ̀ǹpútà mi.

Nírọ̀lẹ́ tí a ń dirù, bàbá yẹn pè mí lábẹ́ igi máńgòrò. "Ọmọ mi, èyí tí o yà nígbà tí mò ń kọ̀wé, ṣé ó hàn níbẹ̀ pé mo kọ ọ́ tán?"

Mo wá a jáde, mo fẹ̀ ẹ́ kó tóbi. Wọ́n fi ìka tọ orúkọ náà láìfọwọ́kan gíláàsì, títí dórí lẹ́tà ìkẹyìn tó há sí ìpẹ̀kun ìlà.

"Èyí ló fẹ́ sá fún mi," ni wọ́n wí.