Ẹ bi àgbẹ̀ léèrè àgbàdo, ẹ má bi í léèrè ojú ọjọ́

Ìbéèrè kan kì í wọ́n nínú fọ́ọ̀mù tí àwọn olùwádìí ń gbé láti ìgboro Abẹ́òkúta lọ sí oko Ọ̀dẹ̀dá àti Ọbáfẹ́mi-Owódé: "Ǹjẹ́ ẹ gbà pé ojú ọjọ́ ti yí padà?" Ta ni yóò sọ pé rárá? Àlejò ni wọ́n ń dá lóhùn. Bí àlejò náà bá tún wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ àjọ sí láyà, ọkàn àgbẹ̀ á ti lọ sí ajílẹ̀ ọ̀fẹ́. Tábìlì á kún fún "bẹ́ẹ̀ ni", a kò sì ní mọ ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí àgbẹ̀ kì í gbàgbé ni ohun tó ná an lówó. Ẹ bi í pé: "Bàbá, òjò wo lẹ fi gbin àgbàdo àkọ́kọ́ lọ́dún yìí? Ṣé ó hù? Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ tún un gbìn?" Irúgbìn bíi 20 sí 25 kílò ló ń wọ hẹ́kítà kan, ẹni tó rà á lẹ́ẹ̀mejì á rántí. Bí ẹ bá fẹ́ ti ọdún àtijọ́, ẹ so ó mọ́ nǹkan tí gbogbo ìlú mọ̀: ọdún Kòrónà ni 2020, ọdún tí omi ya wọ ìgboro Abẹ́òkúta lóṣù Keje ni 2018, ìdìbò wà ní 2015, 2019 àti 2023. Ẹni tí ẹ bá bi ní "ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn" lásán, ti èṣí ni yóò fi dá yín lóhùn.

Àkọ́rọ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Lóṣù Kẹta, òjò kan lè dà wọ̀ọ̀, ilẹ̀ á rin, oníkálukú á gbìn. Bí ọ̀dá bá tẹ̀lé e, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ á rọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kì í fi ka òjò àkọ́kọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òjò. Òdiwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni pé kí òjò ọjọ́ díẹ̀ tó tẹ̀léra wọn pé 20 tàbí 25 mìlímítà, kí ọ̀dá tó ju ọjọ́ 7 sí 10 lọ má sì bọ́ sínú ọjọ́ 30 tó tẹ̀lé e. Àmọ́ ẹ̀yìn ọgbọ̀n ọjọ́ lèèyàn tó mọ̀ pé òdiwọ̀n yìí pé, àgbẹ̀ kò sì lè dúró. Nítorí náà, láti inú àkọsílẹ̀ òjò, ẹ ka iye ìgbà tí òjò tan àgbẹ̀ jẹ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Iye yìí ni kí ẹ fi wé iye ìgbà tí wọ́n tún oko gbìn.

Àròpọ̀ òjò ọdún kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. 60 mìlímítà tó rọ̀ lọ́jọ́ kan àti èyí tó pín sí ọjọ́ mẹ́fà, iye kan náà ni wọ́n nínú ìwé. Lórí ilẹ̀ oníyanrìn tiwa, apá kan nínú ti àkọ́kọ́ lè ṣàn lọ tàbí kó rì kọjá ibi tí gbòǹgbò dé. Bí àgbẹ̀ bá ní òjò ti dínkù, tí àròpọ̀ kò sì yẹ̀, ẹ má yára kọ ọ́ pé àgbẹ̀ ò mọ̀. Ẹ wo iye ọjọ́ tí òjò rọ̀ àti ọ̀dá tó gùn jù. Ẹ tún béèrè ọdún tí ilẹ̀ náà ti sinmi gbẹ̀yìn. Ilẹ̀ tó ti ṣá kì í gba ọ̀dá mọ́ra, ojú ọ̀run ni a sì máa ń dá lẹ́bi.

Níbi tí kò bá sí ibùdó ojú ọjọ́ nítòsí, ẹ fúnra yín wọn òjò: ẹ ra àrọ (fọ́nẹ́ẹ̀lì) tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 11.3, kó jìn, kí òjò má baà ta jáde. Ẹnu tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí mìlílítà 10 dúró fún mìlímítà òjò kan. Sìríǹjì lásán ti tó láti wọ̀n ọ́n. Ẹ fi sórí kẹ́ẹ̀gì onílítà méjì, ẹ dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa, torí omi tó ń ṣàn lára àrọ lè wọlé. Kí ẹnu rẹ̀ ga ní 30 sẹ̀ǹtímítà, kó dọ́gba, kó sì jìnnà sí ilé tàbí igi tó ìlọ́po méjì gíga wọn, ó kéré tán. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni kí ẹ máa kà á lójoojúmọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí: ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, ẹ kọ 0, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà á, ẹ kọ "a kò kà". Bí ẹ bá fi àlàfo sílẹ̀, kọ̀ǹpútà lè kà á sí òdo, ọ̀dá tí kò ṣẹlẹ̀ á sì jáde. CHIRPS, dátà sátẹ́láìtì ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1981, ń ranni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà 5 ni ó fi ń ka òjò. Òjò abúlé kan á fọ́n ká gbogbo ilẹ̀ náà, ọ̀dá á sì dà bí ẹni pé ó kúrú.

"Olórí ilé" ni fọ́ọ̀mù máa ń béèrè, ó sì ń fo àwọn ìyá oníláfún. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n á fún un, orí àpáta ni wọ́n ti ń sá a. Òjò tó bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn á mú kó bu, iye tí wọ́n ń rà á á já wálẹ̀. "Ìyá, ẹ̀ẹ̀mélòó ni òjò bá láfún yín lórí àpáta lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá?" Ìdáhùn wọn kì í lọ́ra.

Òfin Àyípadà Ojú Ọjọ́ ti wà ní Nàìjíríà láti 2021, NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú ọjọ́, náà sì ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún. Lójú tiwa, déètì kan ṣoṣo kò tó, torí àkọ́rọ̀ ni àgbẹ̀ ń gbọ́ nígbà tí NiMet bá sọ ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ẹ mú àkọsílẹ̀ ọdún 30, ẹ gbé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù Kẹta àti Kẹrin yẹ̀ wò: ẹni tó gbìn ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọdún mélòó nínú mẹ́wàá ni ọ̀dá ọjọ́ mẹ́wàá bá a? Iye yẹn ni kí òṣìṣẹ́ OGADEP, àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn, mú lọ sóko. Àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu bóyá kóun gbin ìdajì oko báyìí, kóun fi ìdajì sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.