Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ ìdánwò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka ìtọ́jú ìrora, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ oníná tí à ń fi sẹ́yìn aláìsàn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ní ọdún 1965, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Melzack àti Wall, ṣàlàyé pé ó dà bíi pé ilẹ̀kùn kan wà nínú ògóóró ẹ̀yìn tí ó lè dí ìrora lọ́nà kí ó tó dé ọpọlọ. Ọdún 2 lẹ́yìn náà ni dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Norman Shealy, ní Amẹ́ríkà, gbìyànjú láti fi iná ti ilẹ̀kùn náà fún ọkùnrin kan tí àrùn jẹjẹrẹ ń jẹ níyà.

Lónìí, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni a sábà máa ń kọ́kọ́ fi sẹ́yìn aláìsàn. Bátìrì yóò wà níta, aláìsàn yóò sì lọ sílé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí a lè mọ̀ bóyá ó ràn án lọ́wọ́. Ní Ìlú Ọba tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ìlànà ọdún 2008 ti NICE, àjọ tí ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ níbẹ̀, béèrè pé kí ìdánwò yìí yọrí sí rere kí a tó fi bátìrì sábẹ́ awọ.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe. Bàbá kan padà wá, mo bi wọ́n pé mélòó nínú 10 ni ìrora wọn, wọ́n ní 3, bẹ́ẹ̀ 8 ni tẹ́lẹ̀. Níwọ̀n bí a ti ń retí kí ìrora fi ìdajì dín, ó kéré tán, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdánwò yege. Ìyàwó wọn ló sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé orí àga ni bàbá wà láti ọjọ́ kìíní, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wáyà yóò yẹ̀. Ìsinmi ló dín ìrora kù. A kò tíì mọ ohun tí iná lè ṣe. Nígbà tí a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rìn bí wọ́n ti ń rìn tẹ́lẹ̀, ìrora padà sí 7, a kò sì fi bátìrì sí i. Wọ́n bínú sí mi, wọ́n sì jàre.

Láti ìgbà náà, kí a tó fi wáyà sí ẹnikẹ́ni lára, èmi àti aláìsàn máa ń jọ kọ ohun tí ìrora ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀: gígun àtẹ̀gùn, dídúró dáná, sísùn di ìdájí. Àwọn ni mo máa ń béèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà ṣáájú nọ́ńbà, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ ń ta ní ìgbà 10,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí kì í mú kí ara ṣe yìnrìnyìnrìn, tí aláìsàn kò sì lè fi ìmọ̀lára mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. N kì í ṣèlérí pé ìrora yóò tán. Mo sì máa ń fi hàn án bí yóò ṣe dìde láìlọ́ ẹ̀yìn, nítorí òótọ́ ni pé wáyà lè yẹ̀, kí ẹ̀rù má baà gbé e jókòó.