Àwọn èèyàn yòókù dà? Ìrọ̀lẹ́ kan ní aṣálẹ̀ Dubai àti ìnáwó ilé wa n'Íbàdàn

Ìbéèrè tí màámi kọ́kọ́ bi mí nìyẹn nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Yanrìn pupa lọ súà níwájú wa, wọ́n ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, tìmùtìmù yí tábìlì kékeré kan ká, àtùpà ń jó, àwọn ọmọkùnrin méjì dúró nídìí iná tí wọ́n ti ń sun ẹran. Àwa márùn-ún péré ni: èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ wa méjì, àti màámi nínú léèsì tó tìtorí ọjọ́ yẹn rán láti Ìbàdàn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní "Ọmọ mi, àwọn èèyàn yòókù dà?" Mo ní màámi, kò sí èèyàn yòókù o, tiwa nìkan ni, ohun tí mo sanwó fún gan-an nìyẹn. Ó kàn mi orí, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Mo ti lo ọdún mẹ́fà ní Dubai báyìí, Deira là ń gbé. Màámi pé ọdún 65 ní oṣù kejì ọdún 2025, mo ní kó wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa, mo sì fẹ́ ṣe nǹkan tí kò ní gbàgbé fún un. Ká ní Ìbàdàn la ti ṣe é ni, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa rí. Láti oṣù mẹ́ta ṣáájú lọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí á ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ màámi á ti máa fa ọ̀rọ̀ àwọ̀ gèlè, ẹ ó gba kánópì àti àga lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ ó gba kúlà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ ó san àsansílẹ̀ fún alásè, alásè á tún pè yín padà lọ́sẹ̀ méjì sí i pé ìrẹsì ti gbówó lórí, owó ọjọ́sí ò tó mọ́, ẹ ó bẹ̀ ẹ́, ẹ ó fi díẹ̀ kún un. Ìwé ìpè á ní aago méjìlá, àlejò á dé ní aago méjì. Onílù kan tẹ́ ẹ sanwó fún á mú mẹ́ta míì dání. Ẹni tẹ́ ò pè á wá, ẹni náà á sì jẹun, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé ta lo mọ̀ níbí.

Ti ibí, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn táwọn ọmọ ti sùn, mo fi fóònù parí gbogbo ẹ̀ láàárín wákàtí kan. Iléeṣẹ́ tó ń gbé èèyàn lọ ṣe fàájì ní aṣálẹ̀ ni mo kàn sí. Wọ́n bi mí pé èèyàn mélòó ni wá, ọmọ ọdún mélòó làwọn ọmọ, níbo ni kí wọ́n ti wá gbé wa, ṣé aboyún wà níbẹ̀, ṣé ẹ̀yìn ń dun ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ẹ̀yìn dídùn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o, torí mọ́tò á gun òkìtì yanrìn dé ṣóńṣó, á tún já wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ara á máa fò sókè lórí ìjókòó, aboyún, ọmọ ọwọ́ àti ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn ń dà láàmú, kí wọ́n má dán an wò rárá. Mo ní eegun màámi ò gba wàhálà. Wọ́n ní kò burú, dráifà á kọ́kọ́ gba ọ̀nà tó tẹ́jú gbé wa dé ibi ìjókòó, á wá kó àwọn tó bá fẹ́ padà lọ gun òkìtì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ "práífẹ́ẹ̀tì" yìí ni, ìyẹn pé tiyín nìkan ni. Lọ́dún tó ṣáájú, èmi àtàwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ irú ìjáde aṣálẹ̀ yìí, wọ́n kọ práífẹ́ẹ̀tì gàdàgbà sínú ìpolówó wọn, a sì san owó práífẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tá a débẹ̀ la tó mọ̀ pé mọ́tò nìkan ló jẹ́ tiwa. Àgọ́ tí wọ́n kó wa lọ, èèyàn tó wà níbẹ̀ á lé ní igba, gbogbo wa tò sórí ìlà oúnjẹ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ibi tá a jókòó sí jìnnà débi pé ẹ̀yìn àwọn èèyàn la rí, a ò rí oníjó. Inú bí mi gan-an ni, torí wọ́n mọ ohun tí mo rò pé mo ń rà, wọn ò sì là mí lóye. Nítorí náà lọ́tẹ̀ yìí mo béèrè gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí wọ́n kọ ìdáhùn ránṣẹ́ sí mi: ṣé mọ́tò nìkan ni àbí ibi ìjókòó náà, ṣé àwọn oníjó ló máa wá bá wa àbí àwa la máa wá wọn lọ, ṣé wọ́n á gbé oúnjẹ wá síwájú wa, ṣé tí n bá yí ọjọ́ padà owó mi á padà. Wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ni tiwa, àti pé tí mo bá ti sọ fún wọn kó tó ku wákàtí 24, kọ́bọ̀ ò ní sọnù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé òbí yín lọ, ẹ béèrè bẹ́ẹ̀, ẹ má tijú.

Dírámù 1,800, owó ibí, ni wọ́n gbà fún àwa márààrún. Wọ́n kọ́kọ́ fi ti àpapọ̀ hàn mí, èyí téèyàn á bá àwọn ẹlòmíì lọ, 150 lórí ẹni kọ̀ọ̀kan. 1,800 yẹn náà ni mo rí nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó lóṣù kẹsàn-án, kò fi nǹkan kan lé e, owó ibí kì í yí padà bíi náírà, láti 1997 ni wọ́n ti so dírámù mọ́ dọ́là, 3.67 sí dọ́là kan, ibẹ̀ náà ló wà dòní. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ sí náírà, ó lé ní ẹgbẹ̀rún 700 nígbà yẹn. Mi ò jẹ́ kí màámi gbọ́ iye yẹn títí di ìsinsìnyí.

Ọjọ́ náà gan-an, mo mọ̀ọ́mọ̀ mú un sí àárín oṣù kejì ni. Ọjọ́ 1 oṣù kẹta ni ààwẹ̀ Ràmàdánì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, tí ààwẹ̀ bá sì ti wọlé, ọ̀pọ̀ àgọ́ ló máa ń dá orin àti ijó dúró. Àsìkò ooru ò tiẹ̀ ṣeé fẹnu bà, ooru á lé ní 40, ìjọba gan-an ò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ dúró lábẹ́ oòrùn láti aago méjìlá ààbọ̀ sí aago mẹ́ta, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà títí dé ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, dráifà ti fi mésééjì ránṣẹ́ pé òun wà nísàlẹ̀. Ará Pakistan ni, ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yanrìn, Mama ló ń pe màámi látìgbà tó ti ṣí ilẹ̀kùn fún un. A gba ọ̀nà Hatta, a dé Lahbab, ibẹ̀ ni yanrìn ti pọ́n, torí irin tó wà nínú ẹ̀. Màámi ní ó jọ ilẹ̀ ọ̀nà oko wa, koríko nìkan ni kò sí. Bá a ṣe kúrò lórí títì, dráifà dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó lóṣòó ti táyà àkọ́kọ́, ó tẹ ẹnu fáàfù ẹ̀, afẹ́fẹ́ ń tú jáde fùùùù, ó fi géèjì kékeré kan wò ó, ó tún tú u díẹ̀ sí i, ó lọ sí ìkejì. Ọkàn màámi ò balẹ̀ rárá. Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò á kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ fọganáísà pé kó bá òun fẹ́ táyà kó le, èyí wá ń tú ti ẹ̀ sílẹ̀ nínú aginjù! Dráifà rọra ṣàlàyé fún un, mo ń túmọ̀: ó ní bí 35 ni géèjì máa ń kà lórí títì, òun á bọ́ ọ wálẹ̀ dé bí 15, táyà á wá tẹ́ pẹrẹsẹ lórí yanrìn bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí, kò ní rì. Màámi wo ẹsẹ̀ ràkúnmí nígbà tá a débẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó ní òótọ́ ló sọ.

Kọfí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá. Ẹ jẹ́ n sọ èyí kó yé yín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin méjì yẹn fi ọwọ́ òsì di ìkòkò idẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan mú, dallah ni wọ́n ń pè é, ife wẹ́wẹ́ tí kò létí wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, ọ̀tún yẹn ló fi gbé e fún màámi. Kọfí yẹn ò dúdú bí èyí tá a mọ̀, ó mọ́ra bí omi ewé, ó ń ta sánsán. Ó bù ú sínú ife, kò tó ìdajì. Màámi sọ̀rọ̀ sí mi létí pé ṣé ó ti fẹ́ tán ni? Mo ní rárá o, tí wọ́n bá kún un fún yín, bí ìgbà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ mu ún kẹ́ ẹ máa lọ ni, díẹ̀ yẹn ló túmọ̀ sí pé ẹ jókòó, a ṣì máa bù sí i. Ó mu ún tán, wọ́n bù sí i, ó mu ún, wọ́n tún bù sí i, àfìgbà tí dráifà kọ́ ọ pé kó mi ife náà sọ́tùn-ún sósì, ìyẹn ni "ó tó". Inú màámi dùn sí ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún yẹn ju ohun gbogbo lọ, ó ní ẹni tó bí ọmọ yìí kọ́ ọ. Dàbínù ni wọ́n fi tì í. Nílé wa omi tútù la fi ń kí àlejò, inú kan náà ló ti wá.

Oúnjẹ pọ̀, ẹran sísun, ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní machboos, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, hummus, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi ń jẹ búrẹ́dì náà. Ata nìkan ni kò sí ńbẹ̀. Màámi ṣí báàgì, ó yọ ìgò ata dín-dín tó gbé wá láti Ìbàdàn, ó fi síwájú.

Ijó wá bẹ̀rẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n yọ ijó ìbàdí kúrò nítorí àwọn ọmọ, wọ́n sì gbà láìjanpata. Ọmọ Egypt kan ló jó tanoura, ó wọ yẹ̀rì aláwọ̀ mèremère, ó ń yí, ó ń yí, yẹ̀rì náà ṣí bí agboòrùn, iná ń tàn lára ẹ̀, mi ò mọ bí òòyì ò ṣe kọ́ ọ. Màámi dìde, ó ti mú owó jáde nínú pọ́ọ̀sì, ó ń bọ̀ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí. Mo sáré dì í lọ́wọ́ mú, mo ní màámi, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í náwó fún oníjó níbí. Òfin báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 lòdì sí i nílé gan-an, wọ́n ti torí ẹ̀ rán gbajúmọ̀ lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní 2024, àmọ́ ẹ sọ ìyẹn fún ìyá arúgbó tí ìlù ti wọ̀ lára. Ó dúró kí ọmọ náà jó tán, ó wá ká owó náà sí i lọ́wọ́, ó sì gbàdúrà fún un lédè Yorùbá. Ọmọ náà fọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba.

Lẹ́yìn náà la pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọwọ́ èèyàn márùn-ún, nínú aṣálẹ̀ tó gbòòrò bẹ́ẹ̀, ìró ẹ̀ ò dé ibì kankan, ó kú síbẹ̀. Èmi ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ sanwó, mi ò purọ́, inú mi dùn pé kò sí ìlà, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ayàwòrán tó máa yọ fóònù sí wa, òfin ibí ò gba kéèyàn ya fọ́tò ẹlòmíì láìgbàṣẹ. Nílé, fọtógíráfà á ti yà yín níbi tẹ́ ẹ ti ń la ẹnu gba ẹran, á tẹ̀ ẹ́ jáde, á gbé e wá bá yín lórí ìjókòó pé kẹ́ ẹ sanwó. Ọdún mẹ́fà nìyí tẹ́nikẹ́ni ò ti yà mí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo wo ojú màámi, mo rí i pé ìdákẹ́jẹ́ tó tù mí lára yẹn, òun ló ń ni ín lára. Ó ní "Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé." Ló bá na ọwọ́ sí dráifà, ó na ọwọ́ sí àwọn tó ń sun ẹran, ó pe ọmọ tó jó, ó ní gbogbo yín, ẹ wá jókòó, ẹ wá jẹun. Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ní iṣẹ́ làwọn wà. Dráifà pe ọ̀gá wọn lórí fóònù, ọ̀gá ní kò burú. Wọ́n jókòó. Màámi fúnra ẹ̀ bu ìrẹsì fún wọn, ó da ata dín-dín sí i, ọ̀kan nínú àwọn tó sun ẹran náà ń sunkún ata, ó sì tún ń ní kí wọ́n fi sí i.

Otútù ti mú gan-an nígbà tá a ń lọ, aago mẹ́sàn-án ti lù kí dráifà tó fẹ́ táyà padà lẹ́bàá títì. Ìpè orí WhatsApp kì í lọ níbí, nítorí náà ohùn ni màámi ń ká ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ẹ̀ n'Íbàdàn láti inú mọ́tò, àwọn náà ń dá a lóhùn, wọ́n ń kí i kú oríire, wọ́n ń ṣe Àmín. Ẹnìkan bi í, mo gbọ́ ohùn ẹ̀ ketekete: "Àwọn wo ló wá?" Màámi tẹ fóònù mọ́ ẹnu, ó ní dráifà àwọn wá, ará Pakistan, ọmọ Egypt kan wá, ó jó dáadáa, àwọn ọmọkùnrin méjì tó sun ẹran, ó ní òun gbàgbé láti bi wọ́n ní orúkọ ìlú wọn, ó yíjú sí dráifà, ó ní kí n bá òun béèrè.