Iye tí mo kọ sí fọ́ọ̀mù yẹn

Ọmọkùnrin òyìnbó kan wà ní ọ́fíìsì wa tẹ́lẹ̀ níbí ní Amẹ́ríkà, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, èmi ni mò ń bá a tún àṣìṣe ẹ̀ ṣe kí mánéjà tó rí i. Lọ́jọ́ tó fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun fẹ́ kí n mọ iye tóun ń gbà torí ọkàn òun ò balẹ̀ lórí ẹ̀. Dọ́là 71,000 lọ́dún. Èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ kó tó dé, 54,000 ni mò ń gbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo lọ jókòó sínú mọ́tò mi, mi ò lè sítáàtì ẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú.

Bí 54,000 yẹn ṣe débẹ̀ gan-an ló ń dùn mí jù. Nígbà tí mo wáṣẹ́ débẹ̀, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ iye tí mò ń gbà níbi tí mo ti ń bọ̀. Iṣẹ́ títọ́jú arúgbó nílé ni mo ti ń bọ̀, mo kọ òótọ́ síbẹ̀, àṣé ńṣe ni wọ́n máa mú iye yẹn tí wọ́n á fi díẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin yẹn, ọ́fíìsì lòun ti ń bọ̀, wọ́n fi díẹ̀ lé tiẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó bú mi, kò sẹ́ni tó dárúkọ àwọ̀ mi. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kà.

Ta ló wá so owó iṣẹ́ títọ́jú arúgbó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀? Lọ́dún 1938 tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin iye tó kéré jù tí wọ́n lè san fún òṣìṣẹ́, tòun ti ófátáìmù, wọ́n yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ obìnrin aláwọ̀ dúdú ti ń jẹun nígbà yẹn. Ó di 1974 kí wọ́n tó ka iṣẹ́ inú ilé mọ́ ọn, wọ́n tún yọ àwọn tó ń tọ́jú arúgbó sílẹ̀, bíi pé kéèyàn kàn bá àgbàlagbà jókòó ni. Ẹni tó bá ti gbé arúgbó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ sí balùwẹ̀ lóru mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìjókòó rárá.

Evelyn Coke, obìnrin ọmọ Jàmáíkà kan tó ṣe iṣẹ́ yìí ní New York fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbé ọ̀rọ̀ ófátáìmù ẹ̀ dé kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló dá a lẹ́bi ní June 2007. Ní May ọdún yẹn kan náà, Lilly Ledbetter, obìnrin òyìnbó tí wọ́n ń san owó tó kéré sí tàwọn ọkùnrin fún ní iléeṣẹ́ táyà kan ní Alabama, pàdánù tiẹ̀ náà, wọ́n ní ó pẹ́ jù kó tó pẹjọ́. Àwọn aṣòfin dìde fún Ledbetter, Obama fọwọ́ sí òfin tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ ní January 2009. Inú mi dùn fún un, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Evelyn Coke kú lọ́dún 2009 yẹn láìrí nǹkan kan gbà, ó sì di 2015 kí òfin ófátáìmù tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá wá ní obìnrin aláwọ̀ dúdú ń gba bíi sẹ́ǹtì 66 níbi tí ọkùnrin òyìnbó ti ń gba dọ́là kan, ìṣirò 2023 nìyẹn o, mo mọ ibi tí ìyókù wọlé sí.

Wọ́n sì tọ́ wa pé a kì í béèrè iye tó ń wọlé fún èèyàn, bí a kì í ṣe é ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mánéjà mi náà ní a ò gbọ́dọ̀ sọ owó oṣù wa fúnra wa, irọ́ ni, òfin 1935 ti fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni lẹ́tọ̀ọ́ láti jọ sọ ọ́. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Massachusetts ṣòfin lọ́dún 2016 pé kí wọ́n yéé bi èèyàn ní iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fún un níṣẹ́, àwọn ìpínlẹ̀ míì tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ tèmi nígbà tí mo kọ fọ́ọ̀mù yẹn.

Òru mẹ́ta ni mo fi kọ ímeèlì tí mo fi béèrè àfikún. Wọ́n gbé mi dé 63,000, wọ́n ní ibi tágbára àwọn mọ nìyẹn, mo gbà á, mo sì ń wá iṣẹ́ míì.

Lóṣù tó kọjá ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n fẹ́ gbà sí ẹ̀ka wa pè mí pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí. Kó tó sọ̀rọ̀ débì kankan mo ti sọ iye tí mò ń gbà fún un, mo sọ ti ọmọkùnrin yẹn náà mọ́ ọn. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ní 52,000 ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà tòun. Mo ní ṣó ti fọwọ́ sí i, ó ní rárá, mo ní kó gbé bírò yẹn sílẹ̀ ká jọ kọ èsì.